Àgò Láti Inú Àpáta

Ilẹ̀ ti ń ṣú, Oyèdìran ò sì tíì parí iṣẹ́ rẹ̀. Fóòmù ló gé, tó ń fi sìmẹ́ńtì kùn kó lè dà bí àpáta nínú àpótí gíláàsì ńlá tí wọ́n fẹ́ fi sin ẹja òkun ní òtẹ́ẹ̀lì Màmá Wúràọlá.

"Oyè, ihò tí o gbẹ́ sára àpáta yìí ò jìn jù?" Màmá bi í.

"Kò jìn, mà. Gíláàsì ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ lẹja á máa sá pamọ́ sí."

Màmá ti ilẹ̀kùn, ó lọ tan jẹnẹrétọ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í họ ara àpáta. Oyèdìran dá búrọ́ọ̀ṣì dúró, ìró náà dúró. Ó tún kùn ún, ìró náà tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní sìmẹ́ńtì tó ń gbẹ ni. Àmọ́ òórùn òkun gba yàrá kan, bẹ́ẹ̀ omi ò tíì kan àpótí náà rí.

"Àgò o," ohùn kan wí jẹ́jẹ́.

Ọmọ tí wọ́n kọ́ kì í gbọ́ àgò kó dákẹ́. Kí Oyèdìran tó ronú, ẹnu rẹ̀ ti dáhùn: "Àgò yà."

Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì. Láti inú ihò àpáta ni omi ti ń ṣàn bọ̀, ìka tútù kan sì di etí ihò náà mú.

"Ẹ ṣé, onílé."