Àárọ̀ Méjì Lọ́sẹ̀

Kò tíì pẹ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Olúsọjí dé gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá tuntun ní kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ọwọ́ kan lẹ́yìn ìlú Ṣakí tó fi gé àkókò ẹ̀kọ́ àwọn adití. Tẹ́lẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá, wọn a sì wà níbẹ̀ títí bọ́ọ̀sì yóò fi kó wọn lọ sílé nírọ̀lẹ́. Ní báyìí, ó di àárọ̀ Ọjọ́ Ajé àti àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ nìkan. Olúwafọlákẹ́mi, tíṣà tó ń fi ọwọ́ sọ fún wọn ohun tí àwọn olùkọ́ yòókù bá ń fi ẹnu sọ, lọ bá ọ̀gá ní ọ́fíìsì.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Bí wọn ò bá sí níbí, inú igbó ni wọ́n á máa rìn kiri. Ẹ sì mọ bí ìlú ṣe rí."

Bí ìlú ṣe rí kò ṣòro láti mọ̀. Àwọn ajínigbé ti kó àwọn àgbẹ̀ lọ lọ́nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Òkú ọ̀kan ni wọ́n rí, kò ní ọwọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn ọdẹ ti ń ṣọ́ ọ̀nà. Ẹni tó bá ń bọ̀, wọn a dá a dúró, òun náà a dárúkọ ara rẹ̀ àti agboolé rẹ̀. Ẹni tí kò bá dáhùn, kùmọ̀ ni. Wọ́n ti lu wèrè kan tí kò mọ orúkọ agboolé kankan. Ojú kan ló kù fún un. Ìlú ní ó ṣeni láàánú, wọ́n sì ra bàtà tuntun fún àwọn ọdẹ.

"Adití ò lè gbọ́ ìbéèrè ọdẹ, sà," ni Fọlákẹ́mi wí. "Wọ́n á pa ọ̀kan nínú wọn."

"Mọ̀dámù, kọ́lẹ́ẹ̀jì nibí. A ò gba iṣẹ́ ọmọ títọ́jú."

"Ṣé ẹ ti dé kíláàsì wọn rí?"

"N ò tíì ráyè," ni ọ̀gá fèsì, ó sì yíjú sí fóònù rẹ̀.

Inú bí Fọlákẹ́mi débi pé kò dágbére kó tó jáde.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù ni Tàófíìkì. Ó ti di géńdé, ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá nídìí iṣẹ́ wẹ́dà, ojú rẹ̀ sì mú bíi ti àṣá. Opó ni Sàrátù ìyá rẹ̀. Òrí ló ń ṣe tà, kò sì bí ẹlòmíràn. Kò pẹ́ tó fi wá sílé tíṣà.

"Àǹtí, Tàófíìkì ò gbélé mọ́. Tó bá ti jẹun ọ̀sán tán, ó di igbó. Tó bá máa padà dé, èèmọ́ á ti kún ara ṣòkòtò ẹ̀. Tí mo bá bi í, á kàn máa rẹ́rìn-ín ni. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Èmi náà ńkọ́, Ìyá Tàófíìkì? Ẹ jẹ́ n lọ bá olórí ọdẹ."

Jẹ́ẹ́dé, olórí ọdẹ, ń fi òróró nu ìbọn rẹ̀ nígbà tí Fọlákẹ́mi kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ bá mi sọ fún àwọn èèyàn yín. Bí wọ́n bá pe Tàófíìkì tí kò dáhùn, kì í ṣe oríkunkun. Kò gbọ́ ni."

Jẹ́ẹ́dé rẹ́rìn-ín. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Tíṣà. Kò sí ọdẹ tí ò mọ Tàófíìkì. Ojú lọ̀rọ̀ wà."

Ọkàn Fọlákẹ́mi kò balẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ta ló ń rí ojú ta?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ó yà wo Tàófíìkì, kò sì bá a nílé. Òun àti Sàrátù ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Mùstàfá ọlọ́kadà já wọlé, tó ń mí gúlegúle.

"Wọ́n ti lu ẹnìkan pa lọ́nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí! Ìyá, wọ́n ń dárúkọ Tàófíìkì!"

Sàrátù dìde fùú. Ó sáré jáde láìwọ bàtà, ojú ọ̀nà ni Mùstàfá ti bá a, tó gbé òun àti tíṣà sẹ́yìn ọ̀kadà. Ibẹ̀ ló ti wá bú sẹ́kún. Fọlákẹ́mi tẹ nọ́ńbà ọ̀gá. Ó fẹ́ kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ igbe ìyá yìí. Fóònù náà dún títí, ẹnikẹ́ni kò gbé e. Wọ́n kọjá ọkọ̀ kan tó bàjẹ́ sẹ́bàá ọ̀nà, tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀. Wọn kò dúró.

Àwọn ọdẹ ti fi aṣọ bo òkú náà. Ẹ̀jẹ̀ ti rin aṣọ náà gbingbin níbi orí, eyín fọ́n ká nínú iyẹ̀pẹ̀. Sàrátù wó lé e.

"Ọ̀kan ṣoṣo mi! Yéè, ọ̀kan ṣoṣo mi!"

Kò sí ọdẹ kan tó lè wo ojú rẹ̀. Fọlákẹ́mi di Jẹ́ẹ́dé ní aṣọ mú, ó ń mì ín.

"Mo kúnlẹ̀ fún yín! Mo sọ fún yín pé kò gbọ́!"

"A mọ̀ pé kò gbọ́, Tíṣà," ni Jẹ́ẹ́dé wí, omi sì ń dà lójú òun náà. "A fi ẹnìkan sójú ọ̀nà, a lọ kírun ni. Ibẹ̀ la ti ń gbọ́ igbe. Ká tó sáré dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ìyá Tàófíìkì, ẹ dìde. Ẹ dìde, ẹ wò ó."

Ó ká aṣọ náà kúrò, ojú Ọ̀gbẹ́ni Olúsọjí ló hàn lábẹ́ rẹ̀; Tàófíìkì, tí àwọn ọdẹ ti gbà mọ́ra láti ìgbà tí kò ti sí kíláàsì tí yóò máa lọ lọ́sàn-án, jáde láti ẹ̀yìn igi, ó gbé kùmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ lè ráyè sọ̀rọ̀, ó sì bi tíṣà rẹ̀ pé kí ni àjèjì tí òun dá dúró tí kò dúró yìí ń fi ẹnu wí.