Ìgò Ọtí Sípéènì tí Oyèbámijí Kò Jẹ́ Kí Bàbá Rẹ̀ Tọ́ Wò

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé ìlà tó kẹ́yìn, pàápàá ẹ̀yin tí bàbá yín ṣì wà láyé.

1.
Nígbà Rẹfolúsíyọ̀n, nígbà tí ìjọba ológun ní kí gbogbo wa máa pe ara wa ní kámárádì, akọ̀wé kan wà ní Ìfànyìn tó ń jẹ́ Oyèbámijí. Kì í ṣe èèyàn burúkú rárá. Ó kàn fẹ́ràn kí ayé máa wo òun ni. Lọ́jọ́ kan, oníṣòwò kan láti Kútọnu gbé ọtí wáìnì pupa wá, ti ilẹ̀ Sípéènì, tó ti pẹ́ nínú àgbá àti nínú ìgò. Oyèbámijí yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn.

"Ṣé ó tó iye tí ẹ pè é yìí?"

"Kámárádì, ọtí yìí, bó ṣe ń dàgbà ni iyì ẹ̀ ń pọ̀ sí i."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lórí. Owó páànù tó fẹ́ fi bo ilé bàbá rẹ̀ ní Lagbé ló fi rà á. Ó ní ọjọ́ tí ọ̀gá òun láti Àjàṣẹ́ bá bẹ òun wò lòun máa ṣí i. Ó gbé e sórí rédíò ní sálọ́ọ̀nù kí gbogbo àlejò lè máa rí i, lábẹ́ páànù ilé tiẹ̀ tó ń gbóná janjan.

2.
Nígbà tó yá, bàbá rẹ̀, Ifátóyè, àgbẹ̀ alágbàdo, wá kí wọn. Ó rí ìgò náà, ó rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, ṣí i, kí n fi súre fún ọ, kí n sì tọ́ ọ wò. Mi ò mu irú ẹ̀ rí."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílé wa, bí ọtí bá wọlé, àgbà ló kọ́kọ́ ń fi súre. Oyèbámijí fọwọ́ bo ìgò.

"Non, Papa, ẹ ní sùúrù. Kò tíì dàgbà tó."

Bọ́sẹ̀dé ìyàwó rẹ̀ rọra fà á láṣọ. "Bàbá Tolúlọpẹ́, ẹ wo ojú Bàbá. Ẹ ṣí i, ẹ jọ̀ọ́."

Kò gbọ́. Bàbá ní, "Kò burú. Kó máa dàgbà. Èmi ni mo ti dàgbà tán." Ó sì gba Lagbé lọ. Ó ń dùn mí bí mo ti ń kọ ọ́.

3.
Òjò ọdún yẹn le. Òrùlé koríko Bàbá ń jò, òtútù sì wọ̀ ọ́ láyà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ wá pé Bàbá ti lọ.

Ọ̀gá láti Àjàṣẹ́ wá síbi ìsìnkú lóòótọ́. Oyèbámijí gbé ìgò náà jáde tẹkúntẹkún, ó ní Bàbá lòun máa kọ́kọ́ ta á sílẹ̀ fún. Bó ṣe ṣí i, òórùn ọtí kíkan gba ibẹ̀ kan. Ọ̀gá ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò, ó mi orí.

"Kámárádì, àwọn tó ṣe é ti tọ́jú ẹ̀ dàgbà kó tó kúrò lọ́wọ́ wọn. Ìgbà tí o rà á ló yẹ kí o mu ún. Ooru páànù ló bà á jẹ́."

"Ṣé ó tó owó ẹ̀ nígbà yẹn?"

"Ó tó o. Ọtí gidi ni."

Oyèbámijí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Yéè, Papa! Ẹ̀ bá ti tọ́ ọ wò!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò ní kí ẹ má ra ohun olówó gọbọi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí bóyá ọtí kan tó owó rẹ̀, èmi náà á bi yín pé: ta lẹ fẹ́ bù ún fún? Ẹ ṣọ́ra. Ẹ má tìtorí àlejò tí kò tíì dé fi nǹkan du àgbà tó wà níwájú yín. Ẹ ka èyí sétí ẹlòmíì, kí ó lè tètè lọ kí bàbá rẹ̀. Bí a bá kú là á dère. Èèyàn ò sunwọ̀n láàyè.