Ọ̀dà Tuntun Lára Pijó Akínlolú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Bí ẹ bá ní ọkọ̀ àtijọ́ tí ẹ fẹ́ràn, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí.

1.
Kìtán ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, àdúgbò Isikan ló ń gbé. Bàbá rẹ̀, olóògbé Akínlolú, fi ọkọ̀ Pijó kan sílẹ̀ fún un. Gbogbo àdúgbò wọn ní Oǹdó ló mọ ọkọ̀ náà. Bó bá ti yọ, wọ́n á ní, "Akínlolú ti dé," bí ẹni pé bàbá ò tíì kú. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mọ́ Kìtán nínú.

Lọ́dún tí epo bẹntiróò di ọ̀wọ́n gógó, tí owó oṣù ò gbéni dé ibì kankan, bíréékì bọ́ọ̀sì kan já nítòsí Ọjà Ọba, ó sì kọlu Pijó náà. Ọlọ́run yọ wọ́n, ẹnikẹ́ni ò kú. Àmọ́ iwájú ọkọ̀ run.

2.
Bísọ́dún panẹ́bítà wo abẹ́ ọkọ̀, ó mi orí.

"Ọ̀gá, ara rẹ̀ ṣeé nà. Ṣáṣí, irin abẹ́ tó gbé gbogbo rẹ̀ dúró, ló ti ya. Bí a ò bá rí òmíràn fi pààrọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká tú u tà."

"Ká tú bàbá mi tà?"

Fọlákẹ́mi, ìyàwó Kìtán, fọwọ́ kàn án léjìká. "Bàbá Ìyanu, irin ni. Bàbá wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run."

Ẹ má tíì dá Kìtán lẹ́bi. Nínú ẹbí wọn, àkọ́bí ọkùnrin ló máa ń gbé opó lọ ṣe ìdúpẹ́ lọ́jọ́ tó bá bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀. Ìyá rẹ̀ ti pè é láti Oǹdó pé, "Ọkọ̀ ọkọ mi ni wàá fi gbé mi lọ ṣọ́ọ̀ṣì o." Kìtán ò sì tíì sọ fún un pé ọkọ̀ ti ní jàǹbá. Ó ń bẹ̀rù pé àwọn ẹbí á ní ọdún ò tíì yí po tó fi ba ogún bàbá jẹ́.

3.
Ó padà bá Bísọ́dún. "Bá mi jó ṣáṣí náà pọ̀, kí o kun ọkọ̀ dáadáa. Ọjọ́ ìdúpẹ́ yẹn nìkan ni mo fẹ́ fi rìn."

Bísọ́dún ò fẹ́, ṣùgbọ́n ebi ò jẹ́ kéèyàn kọ iṣẹ́ lọ́dún yẹn. Ọkọ̀ jáde, ó ń dán gbinrin. Fọlákẹ́mi wò ó tán, ó mú ọmọ rẹ̀, ó lọ wọ mọ́tò èrò lọ sí Oǹdó.

4.
Pijó dé Oǹdó láyọ̀. Ìyá wọ aṣọ funfun, ó jókòó níwájú, ó ń fọwọ́ pa inú ọkọ̀ lára.

"O ṣeun, ọmọ mi. O ò jẹ́ kójú tì mí."

Ìgbà yẹn ló yẹ kí Kìtán sọ̀rọ̀. Àmọ́ ó kàn ṣíná sí ọkọ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, táyà já sí kòtò, ibi tí wọ́n jó ya, ọkọ̀ sì fi ẹ̀gbẹ́ tí ìyá jókòó sí gbá ògiri.

5.
Ní ọsibítù, pẹ̀lú itan tó ti ṣẹ́, ìyá bi í léèrè. "Wọ́n ní abẹ́ ọkọ̀ ti ya tẹ́lẹ̀. Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀, Màámi. Mi ò fẹ́ kí ọkàn yín bàjẹ́ ni." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ìyá ní, "Ṣọ́ọ̀ṣì náà ò jìnnà, Kìtán. Ǹ bá fẹsẹ̀ rìn, kí o ṣáà dì mí lọ́wọ́ mú."

Títí dòní, ìyá yẹn ò lè dá rìn mọ́. Kìtán ló ń gbé e pọ̀n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀yin ará, mo bẹ̀ yín. Bí ọkọ̀ yín bá fara gbá, ẹ má ṣe torí ohun tí àdúgbò máa sọ tún un ṣe. Abẹ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Bí agbára ò bá ká a, ẹ jẹ́ kó lọ, kẹ́ ẹ sì sọ òótọ́ fún ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.