Ìjókòó Ìkókó

“Èyí náà kọ́,” ni ọkùnrin náà wí, ó dá ìjókòó ọmọ náà padà. “Èyí tí mo lè gbé síwájú ọkọ̀ ni mo fẹ́, kí n máa rí ojú ọmọ láti ọsibítù délé.”

Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ní Jabi rẹ́rìn-ín. “Bàbá Ìkókó, ṣé ọmọ lo máa wò ni àbí títì? Ẹ̀yìn là ń gbé e sí. Ìyá ẹ̀ á jókòó tì í.”

“Ó kúnlẹ̀ bí i ni, Mà. Kò dìde mọ́. Èmi nìkan ló kù.”

Ìyá náà gbé èyí tó kéré jù lọ, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó sì lọ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ ọkùnrin náà.