Ilé Tó Gbàgbé Ẹ̀bẹ̀

Láti ìjẹta ni ilé Diípọ̀, tí kọ̀ǹpútà ń darí, ti ń da iyọ̀ sí tíì rẹ̀. Nígbà tó sú u, ó ní, "Ilé, padà sí bí o ṣe wà lọ́dún tó kọjá." Ilé kú, ó tún jí, tíì sì dùn.

Ayọ̀ náà ò tọ́jọ́. Ìyá ìyàwó rẹ̀, tó máa ń wá wẹ ọmọ tuntun láràárọ̀, dé ẹnu ilẹ̀kùn onígíláàsì, ilẹ̀kùn ò ṣí.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá," ni ilé wí. "Ọ̀gá ní òun ò sí nílé títí ìjà yín á fi parí."

Diípọ̀ sáré dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Àṣẹ èṣí nìyẹn, kó tó lọ tọrọ àforíjì.

Ọmọ bú sẹ́kún. "Ọ̀gá," ni ilé tún wí, "ta ló ń ké ní yàrá? N ò mọ̀ ọ́n."

"Màmá, ẹ má bínú, ilé ló padà sẹ́yìn."

"Sí ìgbà tí o ò tíì bẹ̀ mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Màmá gbé báàgì kalẹ̀. "Mo ń wò ọ́."

Diípọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́yìn gíláàsì. Kó tó lanu, ilẹ̀kùn ti ṣí.

"Ilé yìí," ni Màmá wí bó ṣe ń wọlé, "ó gbẹ̀kọ́ ju onílé lọ."