Ẹnì Kan Péré Nínú Àwọn Méjìlá

Aṣọ Kánsọ́lá ṣì ń yí nínú ẹ̀rọ, ní ilé ìfọṣọ kan ní Peckham, ní London, nígbà tí obìnrin náà wọlé.

Kánsọ́lá dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìyá Nasrullah ni.

Lóṣù tó kọjá, Kánsọ́lá wà lára àwọn júrì méjìlá, ìyẹn àwọn ará ìlú tí ilé ẹjọ́ yàn láti gbọ́ ẹjọ́, tó fẹnu kò pé Nasrullah jẹ̀bi ìpànìyàn. Ẹ̀wọ̀n gbére ni adájọ́ fún un.

"Ìwọ lo jókòó ní ìkángun," ni ìyá náà wí. "Mi ò lè gbàgbé ojú ẹ láé."

"Mummy, please..."

"Mi ò wá bá ẹ jà. Ọmọ mi ò jẹun mọ́. Ó ní gbogbo ayé ló gbà pé òun pààyàn. Nínú yàrá tí ẹ tilẹ̀kùn mọ́rí yẹn, ṣé kò tiẹ̀ sẹ́nì kankan tó gbà á gbọ́? Ẹnì kan péré, kí n lè sọ fún un."

"Mummy, òfin ò gbà á. Ohun tá a sọ níbẹ̀, a ò gbọdọ̀ sọ ọ́ síta. Wọ́n lè tì mí mọ́lé."

Ìyá náà kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù. Ó kúnlẹ̀ fún ọmọ tó lè bí.

Kánsọ́lá sáré kúnlẹ̀ tì í, ó ń gbìyànjú láti gbé e dìde. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ma. Ẹ jọ̀ọ́."

Nígbà tó yá, ìyá náà dìde fúnra rẹ̀, ó jáde.

Ẹ̀wọ̀n kọ́ ló ń ba Kánsọ́lá lẹ́rù.

Ẹnì kan gba Nasrullah gbọ́. Kánsọ́lá ni. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi dá bá àwọn mọ́kànlá yòókù jiyàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ó sú u, ó fẹ́ máa lọ sílé, ló bá nawọ́ sókè pẹ̀lú wọn.