Ààlè Tí Àdìgún Fi Wáyà So

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ súnmọ́ mi kí ẹ gbọ́ ti Àdìgún bíríkìlà. Lẹ́yìn ilé ìwé ìlú Òkè-Àràbà, igbó kékeré kan wà tí àwọn baba ńlá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dáko. Ìsun omi kan wà láàárín rẹ̀, omi rẹ̀ sì ń ṣàn jáde dé etí ìlú, níbi tí gbogbo ìlú ti ń pọn ọ́n mu. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni méjìlá ló ń fínnúfíndọ̀ tọ́jú igbó náà, Àdìgún sì ni olórí wọn. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dé, òun ló máa ń kẹ́yìn lọ. Ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan: ó gbà pé kò sí ẹni tó fẹ́ràn igbó náà tó òun, kò sì fọkàn tán ẹnikẹ́ni.

Ní ìparí òjò ọdún kan, wọ́n bá kùkùté igi ìdígbò méjì tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Àdìgún kò bá ẹgbẹ́ gbèrò. Ó kó àkísà pupa, ṣùkù àgbàdo àti àlòkù bàtà jọ, ó fi ṣe ààlè sí ẹnu ọ̀nà tó wọ igbó. Ẹ mọ̀ pé ààlè ni onínǹkan fi ń kìlọ̀ fún olè. Ẹni tó bá so ó nìkan ló sì ń tú u. Kí afẹ́fẹ́ má baà já a, Àdìgún fi wáyà tí wọ́n fi ń di irin ilé so ó mọ́ ẹ̀ka igi, ó fi ẹ̀mú lọ́ ọ pinpin.

Ìyá Wúrà ló kọ́kọ́ rí i. Opó ni, ewé eéran tó ń já nínú igbó fún àwọn tó ń se mọ́ínmọ́ín ló fi ń jẹun. Ó sọ agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀, ó wo bàtà tó ń fì lókè.

"Àdìgún, ṣé bàtà rẹ tí kò ní àtẹ́lẹ̀ yìí lo wá fi ń ṣọ́ igbó? Àbí èmi lò ń bá wí?"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ààlè ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ bá mọ́, kí ló fẹ́ máa bẹ̀rù?"

"Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ mọ́ gan-an ló ń bẹ̀rù, ọmọ mi. Olè ni bàtà ò lè dẹ́rù bà."

Ó gbé agbọ̀n òfìfo rẹ̀, ó padà sílé.

Ní ọjọ́ Sátidé tí ẹgbẹ́ máa ń ro etí igbó yíká kí iná oko má baà ráyè wọlé, àwọn yòókù dúró síta. Ṣítù tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ló gbẹnu sọ fún wọn. "Bọ̀dá Àdìgún, ẹ ò bi wá kẹ́ ẹ tó so ó. Ẹ ti sọ gbogbo wa di olè. Ẹ tú u, ká wọlé."

"Mi ò tú u. Èmi nìkan náà á ro ó."

Ó ro ó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ọkọ́ méjìlá ń ro, ọkọ́ kan kò lè ká a. Kó tó dé ìdajì, koríko ti bo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, iná tí àgbẹ̀ kan fi ń sun oko fò wọ igbó lọ́sàn-án gangan. Gbogbo ìlú sáré dé, tàwọn ti garawa omi àti ẹ̀ka tútù lọ́wọ́. Wọ́n dé abẹ́ ààlè, ẹsẹ̀ wọn kọ̀.

"Àdìgún, wá tú u," ni wọ́n ń wí.

Àdìgún di wáyà mú. Kò tú. Ẹ̀mú rẹ̀ wà níbi iṣẹ́. Ó fi eyín fà á, ìka rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, iná sì ń ta pàà-pàà nínú igbó. Ìyá Wúrà wá na ọ̀bẹ tó fi ń gé ewé sí i.

"Gé ẹ̀ka tó o so ó mọ́. Igi á tún yọ òmíràn."

Àdìgún, tí kì í fẹ́ rí ẹni tó ṣẹ́ ewé, fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé ẹ̀ka igi tútù. Ààlè já lulẹ̀. Ìyá Wúrà ṣíwájú gba ọ̀nà tóóró tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti là dé ìsun omi, ìlú sì tẹ̀lé e.

Kí oòrùn tó wọ̀, iná ti kú. Ṣùgbọ́n ọgọ́ta igi kékeré tí ẹgbẹ́ fọwọ́ ara wọn gbìn ti jóná. Nígbà tí wọ́n rìn wọ inú lọ́hùn-ún, wọ́n bá kùkùté ìdígbò márùn-ún. Méjì péré ló wà níbẹ̀ kí Àdìgún tó so ààlè.

Àdìgún jókòó sórí ọ̀kan. "Ìyá, ẹ̀yin ni mo lé jáde. Olè ò tiẹ̀ wò ó."

"Ojoojúmọ́ ni mò ń gba ibí kọjá tẹ́lẹ̀," ni Ìyá Wúrà wí. "Ká ní mo wà níbẹ̀, ṣé mi ò ní gbọ́ ìró àáké ni?"

Láti ọjọ́ náà, Ìyá Wúrà di ẹni kẹtàlá nínú ẹgbẹ́, Àdìgún kò sì dá ìpinnu ṣe mọ́. Ẹ̀yin ọmọ, ìrẹ́jẹ ni kí a torí olè kan sọ gbogbo ìlú di ẹni ìfura. Ẹni tó bá lé olóòótọ́ sẹ́yìn, olè nìkan ló fi ṣọ́ ilé. Ẹ fọkàn tán ara yín, kí ẹ sì jọ máa gbèrò, torí igi kan kì í dá igbó ṣe.